Ìjókòó Ara Èédú Níye: Bí Gáàsì Ṣe Ń Lẹ̀ Mọ́ Nǹkan Líle

   

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ẹni tí ń fín oògùn sí oko òwú, sí oko ẹ̀wà, tàbí sí ọgbà tòmátì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí ìbòmú tí ó ní àpótí róbótó kan tàbí méjì níwájú. Inú àpótí náà ni èédú wà. Èédú yìí ni ó ń gba ooru oògùn sílẹ̀ kí ó má baà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹlòmíràn a ra irú ìbòmú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a sì máa lò ó fún ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní, « Kò tíì bàjẹ́. Ẹ wò ó, bí mo ti rà á náà ni ó rí. » Lóòótọ́, bí ó ti rà á náà ni ó rí. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí èédú inú rẹ̀ ti kún láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó má lè gba nǹkan kan mọ́.

Kí ni ó kún inú èédú tí ojú kò rí? Báwo ni nǹkan ṣe lè kún kí ó má yí àwọ̀ padà? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà lọ́dọ̀ àwọn nǹkan tí ó kéré jù lọ láyé. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Gbogbo nǹkan tí ó wà láyé, òkúta, omi, irin, afẹ́fẹ́, ara àwa fúnra wa, átọ́mù ni a fi ṣe é. Átọ́mù kéré gan-an ni. Gáàsì kan wà tí à ń pè ní kíríptọ̀n. Díẹ̀ kíún lára rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Bí a bá to átọ́mù kíríptọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ìlà tí ó gùn ní mìlímítà kan péré, wọn yóò ju 2,000,000 lọ.

Nínú nǹkan líle, bí irin tàbí òkúta, átọ́mù di ara wọn mú ṣinṣin, olúkúlùkù sì ní ipò tirẹ̀. Nínú gáàsì, kò sí ẹni tí ó di ẹnì kejì mú. Wọ́n ń fò kiri, wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n sì ń kọlu ohun gbogbo tí ó wà lọ́nà wọn. Náítírójìn ni ó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, ó kó nǹkan bí 78 nínú 100. Eré tí ó ń sá tó nǹkan bí 500 mítà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ẹ tilẹ̀ jókòó síbi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ rárá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ojú òde nǹkan líle. Átọ́mù tí ó wà ní àárín òkúta ní aládùúgbò lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Gbogbo wọn ni ó ń fà mọ́ra, gbogbo wọn ni ó ń fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lójú òde kò ní aládùúgbò lókè. Agbára tí ó fi ń fa nǹkan mọ́ra wà níbẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò fà. Nígbà tí átọ́mù gáàsì kan bá ń kọjá lọ, ó lè gbà á mú. Átọ́mù náà yóò dúró díẹ̀ lójú òkúta náà. Bí ibẹ̀ bá tutù, yóò pẹ́ níbẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbóná, ooru yóò mì í tìtì, yóò sì fò lọ.

Ẹ má ṣe rò pé bí gààrí ṣe ń fa omi ni nǹkan yìí rí. Omi a máa wọ inú gààrí, gààrí a sì wú. Gáàsì tí à ń sọ yìí kì í wọ inú òkúta. Ojú òde ni ó ń dúró sí, bí ìrì ṣe ń dúró sórí ewé. Ṣùgbọ́n ìrì nípọn, ojú sì ń rí i. Awọ gáàsì yìí lè jẹ́ ẹyọ átọ́mù kan ṣoṣo ní nínípọn.

Ẹni tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé aráyé dáadáa ni Irving Langmuir, ará Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ General Electric ní ìlú Schenectady ni ó ti ń ṣiṣẹ́, lórí gílóòbù iná mànàmáná. Ó ń wá ohun tí ó ń mú kí inú gílóòbù dúdú, ó sì ń wádìí ohun tí gáàsì díẹ̀ tí ó kù nínú rẹ̀ ń ṣe lára wáyà gbígbóná. Láàrin ọdún 1916 sí 1918, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú nǹkan líle dà bí gbọ̀ngàn tí ó ní ìjókòó. Ìjókòó náà níye. Átọ́mù kan ń gba ìjókòó kan. Àwọn kan ń dé, àwọn kan ń dìde lọ. Bí gáàsì bá pọ̀ lóde, àwọn tí ń dé yóò pọ̀, ìjókòó yóò sì máa kún. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kún, ẹni tí ó bá tún dé kò ní rí àyè. Ní ọdún 1932, wọ́n fún Langmuir ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ojú òde nǹkan.

Báwo wá ni àwọn átọ́mù yìí ṣe ń jókòó? Ṣé wọ́n kàn ń dà gìrọ́gìrọ́ ni, àbí wọ́n ní ètò? Ẹ mú pẹ́ńsù ọmọ ilé ìwé kan. Ohun dúdú inú rẹ̀ ni à ń pè ní gíráfáìtì. Èédú àti gíráfáìtì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, nítorí átọ́mù kábọ́ọ̀nù ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Bí ojú wa bá lè rí átọ́mù, a ó rí i pé ojú gíráfáìtì dà bí afárá oyin: ojúlé onígun mẹ́fà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, ó tẹ́ lọ rẹrẹ.

Nígbà tí a bá mú gíráfáìtì tutù gan-an, tí a sì jẹ́ kí kíríptọ̀n dé ara rẹ̀, átọ́mù kíríptọ̀n kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí àárín ojúlé kan. Ṣùgbọ́n ìbàdí kíríptọ̀n fẹ̀ ju ojúlé náà lọ. Bí ó bá ti jókòó sí ọ̀kan, ojúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó yí i ká yóò ṣófo, nítorí ẹlòmíràn kò lè há ara rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá ka gbogbo rẹ̀, ẹ ó rí i pé ojúlé kan nínú mẹ́ta ni ó ní àlejò. Gbogbo wọn tò lẹ́sẹẹsẹ bí ebè iṣu tí àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ kọ.

Bí a bá tún ń fi kíríptọ̀n kún un, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara wọn mọ́ra, bí èrò inú takisí tí dírẹ́bà ń sọ fún pé kí wọ́n sún, kí wọ́n sún. Wọn yóò kúrò ní àárín ojúlé, wọn yóò sì sún mọ́ ara wọn ju bí ojúlé ṣe là á sílẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, ipele kejì yóò bẹ̀rẹ̀ lórí èkínní. Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń to ọsàn lọ́jà. Ọsàn òkè kì í dúró sórí ọsàn kan. Inú kòtò tí ó wà láàrin ọsàn mẹ́ta ni ó ń jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni átọ́mù ipele kejì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti jìnnà sí gíráfáìtì. Agbára tí ó dì í mú kò tó ti ipele èkínní, ooru díẹ̀ sì lè gbé e lọ.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé, ta ni ó rí i? Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 1927, ní Amẹ́ríkà, Clinton Davisson àti Lester Germer yin àwọn ẹyọ iná mànàmáná tí à ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ̀n lu ojú irin níkẹ́ẹ̀lì. Wọ́n rí i pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀n náà ń ta padà púpọ̀ sí ọ̀nà kan ju òmíràn lọ, nítorí pé átọ́mù níkẹ́ẹ̀lì wà ní ìlà-ìlà. Ẹ ti dúró létí oko ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn ní ìlà rí. Bí ẹ bá dúró síbì kan, igi ni yóò bo ojú yín. Bí ẹ bá sún díẹ̀, ẹ ó rí ọ̀nà tó là gbọọrọ títí dé òdì kejì oko. Ètò igi ni ó ń fi ara hàn bẹ́ẹ̀. Bákan náà, bí gáàsì bá jókòó lójú irin ní ètò tirẹ̀, àmì tuntun yóò yọ láàrin àwọn àmì ti irin. Láti ara àmì wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ti ń mọ ibi tí gáàsì jókòó sí.

Ní ọdún 1981, Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Zürich ní ilẹ̀ Switzerland, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ní abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú dé orí átọ́mù kan. Abẹ́rẹ́ náà ń rìn lókè ojú irin láì kàn án, bí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran ṣe ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà, ó sì ń ya àwòrán átọ́mù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1986, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tí ó di ọdún 1989, ní California, Don Eigler fi irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ti átọ́mù gáàsì kan tí à ń pè ní sẹ́nọ̀n kiri lójú níkẹ́ẹ̀lì, níbi tí ó tutù tó 269 nísàlẹ̀ òdo. Ó to átọ́mù 35, ó sì fi wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta tí í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, IBM. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé, ẹ gbọ́: ènìyàn ti fi átọ́mù gáàsì kọ̀wé. Nítorí náà, ìjókòó tí à ń sọ kì í ṣe àlọ́. Wọ́n ti kà á, wọ́n sì ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ èédú. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé èédú ń gba gáàsì. Carl Scheele ní ilẹ̀ Sweden rí i ní ọdún 1773, Felice Fontana ní ilẹ̀ Ítálì sì rí i ní ọdún 1777. Ohun tí ó fún èédú ní agbára yìí ni ihò. Igi tí a sun di èédú kún fún ihò tóótòòtó. Bí a bá tún fi ooru omi gbígbóná gidigidi là á, ihò yóò bí ihò, ògiri gbogbo ihò náà yóò sì di ìjókòó. Irú èédú bẹ́ẹ̀, tí ó wọ̀n tó gíráàmù kan péré, lè ní ojú inú tí ó ju 1,000 mítà níbùú lóròó lọ. Gíráàmù méje tàbí mẹ́jọ, tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, yóò ní ojú tí ó tó pápá bọ́ọ̀lù. Báwo ni a ṣe mọ̀? Ní ọdún 1938, Stephen Brunauer, Paul Emmett àti Edward Teller kọ́ni ní ọ̀nà láti fi náítírójìn tútù wọn ojú inú nǹkan: a ó mọ iye náítírójìn tí ó jókòó, a mọ bí ìbàdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó, a ó sì mọ bí àyè náà ṣe fẹ̀ tó.

Ogun ni ó sọ èédú yìí di ohun tí ènìyàn ń fi bo imú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú gáàsì kúlórínì sí ojú afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọ ogun Faransé ni ó wà níwájú, àwọn ọmọ Áfíríkà láti Àlùjíríà sì wà nínú wọn. Wọn kò ní nǹkan tí wọn yóò fi bo imú. Ọ̀pọ̀ kú. Ní ọdún yẹn kan náà, Nikolay Zelinsky ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ṣe ìbòmú tí ó ní èédú nínú. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun náà, wọ́n kó èèpo àgbọn jọ láti fi ṣe èédú ìbòmú, nítorí pé ó le, ihò inú rẹ̀ sì kéré, ó sì pọ̀. Títí di òní, èèpo àgbọn, irú èyí tí ó ń kún etí òkun wa, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe èédú àtàtà yìí.

Nísinsìnyí, ó yẹ kí ó ti yé yín ìdí tí ìbòmú fi ń kú láìyí àwọ̀ padà. Ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lò ó, gbogbo ìjókòó ṣófo. Ooru oògùn dé, ó jókòó sí èédú tí ó wà lápá òde. Nígbà tí apá òde bá kún, ó bọ́ sí ti àárín. Nígbà tí àárín bá kún, ó bọ́ sí èyí tí ó kángun sí imú yín. Ní ọjọ́ tí ìyẹn náà bá kún, ooru oògùn yóò kọjá tààrà. Èédú ṣì dúdú. Àpótí ṣì mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àyè mọ́.

Kì í sì í ṣe oògùn nìkan ni ó ń gba ìjókòó. Ooru omi inú afẹ́fẹ́ ń gbà á. Òórùn epo ń gbà á. Bí ẹ bá fi ìbòmú kọ́ sí ara ògiri láìbò ó, ó ń kún lọ bí ẹ tilẹ̀ ń sùn. Bí ẹ bá sì fi í sínú oòrùn, ooru yóò dín agbára tí èédú fi ń di nǹkan mú kù.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Èédú kì í gba gbogbo gáàsì bákan náà. Gáàsì tí ó rọrùn láti di omi, bí ooru epo àti ti ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò, jókòó dáadáa sára èédú. Gáàsì tí kò rọrùn láti di omi kì í dúró. Ọ̀kan nínú wọn ni gáàsì olóró tí ń jáde lára èédú tí ń jó, tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì. Kò di omi àfi tí ó bá tutù tó 191 nísàlẹ̀ òdo. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ó ń gba ìjókòó ọ́síjìn, ó sì dì í mú ju bí ọ́síjìn ṣe dì í mú lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé ìkòkò iná èédú wọ yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa nígbà òjò tàbí nígbà ọyẹ́. Ìbòmú eléèédú kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ẹni tí ó wọ kànga tí afẹ́fẹ́ rere kò sí nínú rẹ̀, nítorí ìbòmú kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ó kàn ń sẹ́ ẹ ni.

Ibí yìí ni ìwé kíkà ti wúlò. Lára àpótí ìbòmú tí ó bá òfin ilẹ̀ Yúróòpù mu, lẹ́tà kan wà àti àwọ̀ kan. Lẹ́tà A pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ túmọ̀ sí pé èédú inú rẹ̀ wà fún ooru oògùn tí ó dà bí ooru epo. Lẹ́tà P pẹ̀lú ìlà funfun túmọ̀ sí pé ó ń sẹ́ eruku àti ẹ̀kán oògùn tí ń fò. Èyí tí ó ní P nìkan kò ní èédú tí yóò gba ooru oògùn. Fún fífín oògùn, ẹ wo ara ìgò oògùn, kí ẹ ka ohun tí wọ́n ní kí ẹ lò. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, A àti P pa pọ̀ ni. Ẹni tí ó mọ lẹ́tà méjì yìí kò ní ra ohun tí kò lè gbà á.

Ìmọ̀ràn wa nìyí:

Èkínní, aṣọ tí a dì mọ́ imú kì í gba ooru oògùn rárá. Kò ní ìjókòó.

Èkejì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí àpótí sí ara rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n ní kó má kọjá, kí ẹ sì pa á mọ́.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ nù ún, ẹ fi í sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ gbé e sí ibi tí ó tutù, tí kò sí nítòsí oògùn.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá gbọ́ òórùn oògùn nínú ìbòmú, ẹ kúrò nínú oko lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró de òórùn, nítorí oògùn mìíràn kò ní òórùn.

Ẹ̀karùn-ún, ara ni oògùn ń gbà wọlé jù. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìbọ̀wọ́ àti bàtà, kí ẹ sì fi ọṣẹ wẹ̀ kí ẹ tó jẹun.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má ṣe fi èédú ìdáná ṣe ìbòmú fúnra yín. Wọn kò tíì la ihò inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ní ọjọ́ ìpàdé ẹ̀kọ́ yín, ẹ ka ìwé yìí sókè, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí láàrin ara yín:

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin gààrí tí ń fa omi àti èédú tí ń gba gáàsì?
2. Kí ló dé tí kíríptọ̀n fi ń fi ojúlé méjì sílẹ̀ nínú mẹ́ta?
3. Ta ni nínú yín tí ó ní ìbòmú? Lẹ́tà wo ni ó wà lára rẹ̀? Ọjọ́ wo ni ó ṣí i?
4. Kí ló dé tí èédú kò lè gbà wá lọ́wọ́ gáàsì tí ń jáde lára iná èédú?